Béèsì wo ni kí n mú: Precision, Jazz àbí StingRay? Ẹ bá mi dá sí i

OkùnMẹ́rin:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti gbogbo ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ béèsì ń jẹ lọ́kàn. Mo fẹ́ ra béèsì gìtá tèmi báyìí, torí àyálò ni èyí tí mo ti ń ta látẹ̀yìnwá, ẹni tó ni ín sì ti fẹ́ gbà á padà. Mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo lè bá onídírọ́ọ̀mù rìn dáadáa, mo sì mọ slap díẹ̀, ìyẹn fífi àtàǹpàkò gbá okùn, ṣùgbọ́n tó bá ti di pé kéèyàn yan èyí tó máa fowó ara ẹ̀ rà, ó ń dàrú mọ́ mi lójú. Ẹnì kan ní Precision ni kí n mú kí n lọ sùn, ẹlòmíì ní Jazz ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, ẹnì kẹta wá ní tí kì í bá ti í ṣe StingRay tàbí nǹkan tó ní bátìrì nínú pẹ̀lú okùn márùn-ún, kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu. Orin ìyìn ni mo ń ta jù, funk tẹ̀ lé e, reggae náà wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò, kí ni kí n pa tì?

ÌyáBéèsì:
Àbúrò, o ṣé tó o béèrè kó o tó náwó. Ohun tí mo máa ń sọ nìyí: má tíì wo orúkọ tó wà lórí ẹ̀, wo iye pickup (ohun tó ń gbọ́ ìró okùn) tó wà lára ẹ̀ àti ibi tí wọ́n gbé e sí, torí ibẹ̀ ni ìwà béèsì ti ń wá ju ibikíbi lọ. Tí pickup bá jìnnà sí bridge, ìyẹn ibi tí wọ́n de okùn mọ́ lára béèsì, ohùn á kún, á nípọn. Bó bá ṣe ń sún mọ́ bridge, ohùn á máa le sí i, á máa mú, ìsàlẹ̀ ẹ̀ á sì máa dín kù. Tó o bá ti di èyí mú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó o dárúkọ yẹn á yé ẹ.

Precision ló dàgbà jù. 1951 ni Leo Fender, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Fender sílẹ̀, gbé e jáde, ṣùgbọ́n pickup tá a mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí, èyí tí wọ́n pín sí méjì, tí apá kan ń gbọ́ okùn E àti A, tí apá kejì ń gbọ́ okùn D àti G, 1957 ló dé. Wọ́n so apá méjèèjì pọ̀ lọ́nà tí ariwo iná tó máa ń kùn hùnnn yẹn fi ń pa ara ẹ̀. Nọ́ọ̀bù fólúùmù kan, nọ́ọ̀bù tónù kan, ó parí. James Jamerson tó ta béèsì sórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ilé iṣẹ́ Motown ní Amẹ́ríkà, Precision 1962 ló ń lò, okùn flatwound (èyí tí ojú ẹ̀ dán) ló wà lórí ẹ̀, ìka ìtọ́ka kan ṣoṣo ló sì fi ń ta á. Ìka kan o! Lọ fetí sí àwọn orin yẹn, wà á gbọ́ béèsì tó ń sọ̀rọ̀ láàárín èrò rẹpẹtẹ láì bo akọrin mọ́lẹ̀.

Jazz dé ní 1960. Pickup méjì, kálukú pẹ̀lú fólúùmù tiẹ̀, ọrùn ẹ̀ sì tín-ín-rín lápá orí, nǹkan bíi mìlímítà 38 níbi nut (ibi tí okùn ti wọ ọrùn láti orí), nígbà tí ti Precision máa ń wà láàárín 41 sí 44. Tó o bá ṣí fólúùmù méjèèjì tán, ohùn àárín á rọlẹ̀ díẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ á yọ, ohùn yẹn ló dùn jù fún slap. Tó o bá dín ti iwájú kù tó o fi ti ẹ̀bá bridge síwájú, á máa sọ̀rọ̀ láti imú, gbogbo ohun tí ìka ẹ bá ń ṣe á hàn. Ohùn gbajúmọ̀ oníbéèsì Jaco Pastorius nìyẹn, Jazz 1962 tí wọ́n ti yọ fret ẹ̀ (àwọn irin tó dábùú ọrùn) kúrò.

StingRay, 1976, ilé iṣẹ́ Music Man. Leo Fender náà ló wà ńbẹ̀, ó ti ta Fender fún ilé iṣẹ́ CBS ní 1965. Humbucker ńlá kan, ìyẹn pickup tí kì í kùn, ni wọ́n gbé sún mọ́ bridge, preamp (ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn sókè) wà nínú ara ẹ̀, bátìrì 9V ló ń gbé e. Ohùn ẹ̀ mú, ó le, kò ní tìjú ẹnikẹ́ni. Bernard Edwards, oníbéèsì ẹgbẹ́ Chic, fi ta funk àti disco tí ara èèyàn ò fi ní dúró sójú kan.

Fún ìwọ tó ní ọwọ́ ẹ ò tóbi, tó o sì ń rìn láàárín orin ìyìn àti funk, Jazz ni màá gbé lé ẹ lọ́wọ́.

OhùnÌsàlẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ sì sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀ lórí ìparí yẹn.

Ẹni tó bá ń dá béèsì gbọ́ nìkan, Jazz tàbí StingRay ló máa wọ̀ ọ́ lójú, torí wọ́n dùn ní ìdánìkanwà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dá béèsì ta fáwọn èèyàn. Onídírọ́ọ̀mù á wọlé, kííbọ́ọ̀dù á wọlé tòun tọwọ́ òsì tó ń tẹ ìsàlẹ̀ tí ò yẹ kó tẹ̀, gìtá méjì, akọrin mẹ́fà, ibẹ̀ lo máa wá mọ̀ pé ohùn àárín ló ń gbé béèsì dé etí èèyàn. Okùn E tá a dá ta láì tẹ̀ ẹ́, 41 Hz ni, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà kéékèèké ò lè gbé 41 Hz yẹn jáde rárá, àwọn ìró òkè tó ń bá a rìn, 82, 123 lọ sókè, ni etí ń gbọ́ tí ọpọlọ fi ń dá a mọ̀ pé E ìsàlẹ̀ ni. Béèsì tí ohùn àárín ẹ̀ bá ti rọlẹ̀, tí wọ́n bá gba orin yẹn sílẹ̀ tí ẹnì kan wá ń fi fóònù gbọ́ ọ, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Precision ò níṣòro yẹn. O kàn ki wáyà bọ̀ ọ́, o ṣí fólúùmù, ó ti jókòó sáyè ẹ̀.

Tónù ẹ̀ yẹn náà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fọwọ́ kàn án. Tì í padà dé ààbọ̀ fún orin ìyìn tó rọra ń lọ, pa á tán pátápátá fún reggae kó o wá fi àtàǹpàkò ta á níbi tí ọrùn ti parí, mo fẹ́ mọ béèsì olówó ńlá tó máa fún ẹ ju ìyẹn lọ.

ÌyáBéèsì:
@OhùnÌsàlẹ̀ òótọ́ lo sọ nípa ohùn àárín, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tó o bá dín fólúùmù ọ̀kan kù díẹ̀ lára Jazz, bóyá ìdá kan nínú mẹ́rin péré, ohùn àárín yẹn á padà wá bá ẹ nílé. Ohun tó o máa fi san án ni pé ariwo iná á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, torí ìgbà tí pickup méjèèjì bá wà lọ́gbọọgba ni wọ́n ń pa ariwo ara wọn. Ẹni tí ìyẹn bá ń dà láàmú lè pààrọ̀ wọn sí irú tí kì í kùn.

AtúnGìtáṣe:
Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa tún gìtá ṣe, mo fẹ́ kí ẹ fi ìjà orúkọ yẹn sílẹ̀ díẹ̀ kí n sọ ibi tí owó èèyàn ti ń ṣòfò. Béèsì méjì tó jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan lè dùn ún ta kí èkejì máa dáni lọ́wọ́ kọ́, pàápàá láàárín àwọn tí owó wọn ò pọ̀. Torí náà àbúrò, èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ gan-an lò ń rà, kì í ṣe irú ẹ̀ tó o rí nínú fídíò.

Kọ́kọ́ gbé e kọ́rùn láì tíì ki wáyà kankan bọ̀ ọ́. Fọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Tí orí ẹ̀ bá ń wọ́lẹ̀, tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ẹ ló ń gbé ọrùn dúró, a jẹ́ pé ọwọ́ tó yẹ kó máa ta orin ló ń ṣe iṣẹ́ alágbàrù yẹn. Thunderbird ti Gibson, èyí tó jáde ní 1963, rẹwà gan-an, orin rock sì bá a mu, ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ ìwọ́lẹ̀ orí yẹn. Wo bó ṣe wúwo náà. Kílò mẹ́rin tàbí kó dín díẹ̀, wà á lè dúró tì í fún wákàtí méjì. Tó bá ti kọjá mẹ́rin àbọ̀, èjìká á bá ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà wá pa ojú kan dé, kó o wo ọrùn ẹ̀ láti apá orí lọ sí ara. Ó yẹ kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ pín-ín, kò gbọdọ̀ lọ́. Èyí tó tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, a lè fi truss rod, ọ̀pá irin tó wà nínú ẹ̀, fà á padà, ṣùgbọ́n èyí tó lọ́, fi sílẹ̀ kó o máa lọ. Bó o ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí: fi ìka kan tẹ okùn E ní fret kìíní, fi òmíràn tẹ̀ ẹ́ ní fret ìkẹyìn, wá wo àlàfo tó wà lábẹ́ okùn yẹn ní fret keje tàbí ìkẹjọ. Nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́ta mìlímítà kan ló ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn lára mu. Tí kò bá sí àlàfo rárá, okùn á máa gbọ̀n jẹ̀ẹ̀ẹ̀ lórí fret. Tí àlàfo bá wà tó lè gba káàdì ATM, ó ti pọ̀ jù. Béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kó o rí ojú truss rod, bóyá wọn ò tíì lọ̀ ọ́ débi tó ti bàjẹ́, pàápàá tó bá jẹ́ àlòkù.

Gíga okùn ní fret kejìlá, mìlímítà méjì sí méjì àbọ̀ fún E, kí G sì relẹ̀ díẹ̀ sí i. Èyí kì í ṣe ìdí tó o fi máa kọ béèsì sílẹ̀ o, torí súkúrú kékeré ló ń tún un ṣe. Ẹ̀gbẹ́ fret ńkọ́? Fi àtẹ́lẹwọ́ ra ọrùn ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó bá ń gé ẹ lọ́wọ́, ẹni tó ṣe é kánjú.

Èyí táwọn èèyàn kì í yẹ̀ wò ni ibi tó kú. Ta gbogbo nóòtì okùn G láti fret kẹrin sí ìkẹjọ lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kí kálukú dún títí á fi parí fúnra ẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n fi bóòtù de ọrùn wọn bíi ti Fender, ọ̀kan máa ń wà níbẹ̀, lápá fret karùn-ún sí ìkeje, tí kì í dún pẹ́ bíi tàwọn yòókù. Ọrùn ẹ̀ ló ń gba agbára okùn yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí sẹ́tọ́ọ̀pù (títún béèsì tò) tó máa lé e lọ tán. Tó bá jẹ́ díẹ̀, ẹ lè jọ máa gbé. Tí nóòtì yẹn bá ń kú ní kíá, gbé òmíràn.

Ìgbà yẹn ni wáyà tó kàn. Yí gbogbo nọ́ọ̀bù, tó bá ń ya gàràgàrà, eruku ni lọ́pọ̀ ìgbà, kò le. Tó bá jẹ́ èyí tó ní bátìrì, ní kí wọ́n ṣí i kó o rí inú ẹ̀.

OkùnMẹ́rin:
Ẹ̀gbọ́n AtúnGìtáṣe, Ọlọ́run á san yín lẹ́san, ẹ ti fún mi ní iṣẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ okùn márùn-ún yẹn ńkọ́? Torí olórin wa fẹ́ràn kíì E♭ àti D♭ gan-an.

ỌmọFunk:
Ibi tí mo ń dúró dè nìyí. Tí olórin yín bá fẹ́ràn E♭ àti D♭, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé fáàrí ni okùn karùn-ún. Lórí okùn mẹ́rin tó wà bó ṣe yẹ, E ni ìsàlẹ̀ pátápátá, a jẹ́ pé o ò ní E♭ tàbí D♭ tó wà nísàlẹ̀ yẹn, òkè lo máa lọ mú un, nígbà tí gbogbo ilé ń retí kí ilẹ̀ mì. Okùn B ti wà fún ìyẹn, nǹkan bíi 31 Hz.

Ṣùgbọ́n àbùkù pọ̀ níbẹ̀ tí onítajà ò ní sọ. Gígùn okùn lára ọ̀pọ̀ béèsì, láti nut dé bridge, ìnṣì 34 ni. Fún E, ó dára. Fún B, tí ọrùn ẹ̀ ò bá le dáadáa, okùn yẹn á máa lẹ̀ bí okùn tí wọ́n sá aṣọ lé, o ò ní mọ̀ bóyá B ló ń dún ni àbí ilẹ̀kùn ni wọ́n ń tì. Ìdí tí àwọn kan fi ṣe ti ìnṣì 35 nìyẹn, tí Dingwall sì fi na àwọn fret ẹ̀ bíi abẹ̀bẹ̀, tó fi jẹ́ pé okùn B gùn tó ìnṣì 37 tí G sì dúró ní 34. Ìkejì, ọrùn ẹ̀ fẹ̀, àwọn okùn sì sún mọ́ra lápá bridge, lọ́pọ̀ ìgbà mìlímítà 17 tàbí 18 dípò 19, slap á ṣàjèjì sí ẹ lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. O sì gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò dá B dúró tó ò bá ta á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa kùn lábẹ́ gbogbo nǹkan tó ò ń ta.

Tó o bá fẹ́ dán an wò, B yẹn nìkan ni kó o kọ́kọ́ ta, láti òfo (láì tẹ̀ ẹ́) dé fret karùn-ún. Tí ohùn ẹ̀ bá dà bí ọmọ ìyá E, gbé e. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, okùn mẹ́rin tó dáa sàn jù ú lọ.

OhùnÌsàlẹ̀:
Mo fara mọ́ èyí. Màá fi kún un pé ẹni tó ń lo okùn mẹ́rin lè tú E sí D tàbí kó de kọ́kọ́rọ́ kékeré kan mọ́ orí ẹ̀, èyí téèyàn á kàn fi ìka tì tí E á di D lójú ẹsẹ̀. Kò lè dé D♭ láì tún un tú, ṣùgbọ́n E♭ ti wà ńlẹ̀.

Ẹlẹ́kùnrẹ́rẹ́:
Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kékeré, ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ́. Béèsì kúkúrú wà, ìnṣì 30. Mustang ti Fender, 1966. Höfner tó dà bíi fayolín tí Paul McCartney gbé kọ́rùn náà, 30 ni. Àwọn èèyàn ń pè é ní ti ọmọdé, mi ò gbà. Ohùn ẹ̀ rọ̀, ó yípo, ó sì dùn lórí reggae, ìka ẹ á sì dé gbogbo ibi. Ohun tó ń sọnù ni líle ìsàlẹ̀ ẹ̀, okùn ẹ̀ ò le tó ti ìnṣì 34, ẹni tó bá ń ta á kíkankíkan á máa gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n kó tó dà bẹ́ẹ̀, gbé béèsì ẹ sókè díẹ̀ lára strap tó o fi ń gbé e kọ́rùn, kí àtàǹpàkò ẹ wà lẹ́yìn ọrùn ẹ̀ dípò kó dì í mú gbà-gbà-gbà. Ọ̀pọ̀ tó ń sunkún ọwọ́ kékeré, kíkọ́ tí wọ́n gbé e kọ́ sísàlẹ̀ itan ló ń ṣe wọ́n. Tó bá ṣì ń nira, ọ̀wọ́ SR ti Ibanez ní ọrùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì pẹlẹbẹ, ara ẹ̀ sì fúyẹ́.

Ó tún kù kan: okùn! Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ okùn. Roundwound (okùn tí ojú ẹ̀ rí gbágungbàgun) tuntun, ohùn ẹ̀ á dán, á máa ké, slap ń fẹ́ ẹ. Flatwound dán lábẹ́ ìka, kì í han tí ìka bá ń rìn lórí ẹ̀, ó pẹ́ lò, ohùn ẹ̀ dúdú ó sì kúrú. Pààrọ̀ okùn béèsì kan, kó o tó pààrọ̀ béèsì. Ìyàtọ̀ tó ń ṣe ju ti igi tí wọ́n fi gbẹ́ ara ẹ̀ lọ dáadáa, àwọn tó ń fi gbogbo òru jà lórí alder àti ash, kí wọ́n lọ gbé flatwound sórí Jazz wọn ná.

OkùnMẹ́rin:
Mo ti ń rí ọ̀nà díẹ̀. Mo ti rí méjì tí owó mi ká: Yamaha BB434 àti Sire Marcus Miller V7, àlòkù tó mọ́ ni méjèèjì. Ẹ̀yin ọ̀gá, èwo ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti ń bá mi sọ?

ÌyáBéèsì:
O yan dáadáa, méjèèjì ò ní dójú tì ẹ́. BB434 yẹn, pickup Precision ló wà láàárín, ti Jazz wà lẹ́bàá bridge, kò lo bátìrì. A jẹ́ pé o ní ohun tí OhùnÌsàlẹ̀ ń fẹ́, tó o bá sì ṣí ti ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, wà á rí lára ohun tí mo sọ. Mọ̀ kan ṣá: ti iwájú lágbára ju ti ẹ̀yìn lọ lára irú béèsì báyìí, tó o bá ti lérò pé méjèèjì á pín ìdajì-ìdajì, kò rí bẹ́ẹ̀.

V7 yẹn, àwòṣe Jazz ni. Jazz 1977 ni Marcus Miller, oníbéèsì tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè é, fúnra ẹ̀ ń ta, ní àwọn ọdún 1970 yẹn pickup ẹ̀yìn ti sún mọ́ bridge ju ti ọdún 1960 lọ, ìdí nìyẹn tí slap ẹ̀ fi ń ta sáńsán. V7 ní preamp tó o lè fi swítì pa, kó o máa lò ó láìsí iná. Orin ìyìn tó ń sáré pẹ̀lú funk, òun ni. Orin tó rọra ń lọ pẹ̀lú reggae, Yamaha.

OhùnÌsàlẹ̀:
Yamaha. Mi ò tún ní ṣàlàyé.

ỌmọFunk:
Sire ni tèmi, torí slap tó o dárúkọ. Ṣùgbọ́n má ṣí bass àti treble ẹ̀ tán o, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ba ohùn jẹ́. Fi gbogbo wọn sí àárín, kó o fi àárín-ohùn kún un díẹ̀ tí ẹ bá ti pọ̀ lórí ìtàgé.

AtúnGìtáṣe:
Tó o bá lọ dán wọn wò, áńpù kan náà ni kó o fi gbọ́ méjèèjì, kí o sì dá gbogbo nọ́ọ̀bù ẹ̀ sí àárín. Ta ohun tó ò ń ta gan-an nínú orin yín, kì í ṣe slap tó o kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bí ààyè bá wà, ẹ gba ohùn méjèèjì sílẹ̀ sórí orin kan tó ti ní dírọ́ọ̀mù, kó o lọ gbọ́ ọ nílé.

Èyíkéyìí tó o bá mú, ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún okùn tuntun àti sẹ́tọ́ọ̀pù, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá ẹ tún ọrùn, gíga okùn àti intonation ẹ̀ ṣe, kí nóòtì fret kejìlá bá ti òfo dọ́gba lórí túnà. Ọ̀pọ̀ béèsì tí wọ́n ń pè ní burúkú, wọn ò tíì bá a ṣe èyí rí láti ọjọ́ tó ti jáde.

Tó bá jẹ́ Sire lo mú, máa yọ wáyà kúrò lára ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ò bá ta á, torí wáyà yẹn ló ń tan preamp, bátìrì á máa jẹ lọ bó o tiẹ̀ ti pa fólúùmù. Má sì gbé èyíkéyìí nínú wọn wọ áńpù gìtá lásán kó o wá ṣí i sókè, sípíkà ẹ̀ ò ṣe fún ohùn ìsàlẹ̀, ó lè ya. Ṣé o ti ní áńpù béèsì?

OkùnMẹ́rin:
Mo ní kékeré kan nílé, èyí tó wà níbi tá a ti ń dánrawò tóbi. Ẹ ṣeun gan-an o. Ọjọ́ Sátidé ni màá lọ, pẹ̀lú wáyà tèmi, okùn G láti fret kẹrin sí ìkẹjọ ni màá sì kọ́kọ́ ta. Màá padà wá sọ èyí tí mo gbé.